"Mọ́mì ò tíì sọ ohun tí màá kọ"

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà ní praimárì 5, ipò kejì tàbí ìkẹta ló sì máa ń gbà. Lálaalẹ́ ni ìyá yìí ń jókòó tì í, tí ń pe ìdáhùn iṣẹ́ àṣetiléwá fún un, tí ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ilé ìwé bá ní kí wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, ọjà ni ìyá ti ń ra ìgbálẹ̀ tàbí ẹní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà ní kí àwọn ọmọ kọ ojú ewé kan lórí ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá jẹ́ pé àwọn ni ọ̀gá ilé ìwé. Òfìfo ìwé ni ọmọ yìí dá padà. Tíṣà bi í léèrè, ó ní: "Mọ́mì ò tíì sọ ohun tí màá kọ." Wọ́n fún un di ọjọ́ Ẹtì. Ìyá wá ń bi mí bóyá kí òun kọ ọ́, kí ọmọ há a sórí, torí Common Entrance ti ń bọ̀. Ó fi kún un pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé, nítorí ilé ìwé ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àti pé bàbá ọmọ kì í fẹ́ kí ọmọdé bi àgbà ní "kí ló dé".

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ fún un.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín. Obìnrin tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀, tó ṣì tún jókòó ti ọmọ títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo rí níbẹ̀. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi ìjókòó yẹn, ọmọ yín ti kọ́ ohun kan tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ń kọ́ ọ: pé ọ̀dọ̀ yín ni ìdáhùn ti ń wá, kì í ti inú òun jáde. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ tinú ara rẹ̀, kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ó ń dúró dè yín ni.

Èmi náà ṣe é rí. Àkọ́bí mi obìnrin, kò sí àròkọ tó kọ ní sẹ́kọ́ńdìrì tí ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀. Ó wá dé yunifásítì, wọ́n ní kó yan àkòrí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló pè mí, ẹkún ló ń sun. "Mọ́mì, ẹ kàn yan èyíkéyìí fún mi." Mo jókòó sétí ibùsùn, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ohun tí ì bá ti kọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún ló tó ń kọ́ ọ, omijé ló sì fi ń kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín.

Ẹ wo ìwé Quantitative Reasoning tí ẹ ní ẹ jọ ń ṣe. Wọ́n á ya àpẹẹrẹ bíi mélòó kan sókè, nọ́ńbà á wà nínú àpótí, wọn ò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ọmọ ló máa tẹjú mọ́ ọn títí tí á fi rí i pé, áà, wọ́n sọ àwọn méjì òkè di púpọ̀, wọ́n wá yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò. Títẹjú mọ́ ọn yẹn gan-an ni iṣẹ́. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ fún un, ìṣirò praimárì 3 ló kù. Máàkì á pé lójú ìwé, ọmọ ò sì tíì ṣe nǹkan kan.

Ìyá ìyá mi kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá pa àlọ́ pé, "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́," kò jẹ́ sọ fún wa pé ahọ́n ni. Á máa bá ẹ̀gúsí tó ń bó lọ. Ṣé ọ̀nà ni? Á mi orí. Ṣé orógbó ni? Á tún mi orí. A lè sùn lórí rẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro fún àwa òbí òde òní, torí à ń sáré, wọ́n lè mú iná lọ nígbàkigbà, ọmọ sì gbọ́dọ̀ tètè sùn.

Ọ̀rọ̀ èdè ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wọ́n wé bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì láti praimárì 4. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé kò kẹ́yìn rárá, wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àbùkù kó tó la ẹnu, tó tún mọ̀ pé owó ìtanràn ń bẹ nílẹ̀, dídákẹ́ ló máa yàn. Agbára yín lè má ká òfin ilé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ilé yín. Ẹ sọ Yorùbá fún un. Ẹ bi í pé kí ló dé tí 45 fi ń jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rí i pé àádọ́ta náà, ọgọ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni, àti pé ogún mẹ́ta ló ń jẹ́ ọgọ́ta.

Ti bàbá ọmọ, ẹ má bá a jà. Ó ń ṣọ́ ìwà ọmọ rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń bi àgbà léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yé mi," pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà, bàbá náà mọ òwe yẹn. Ẹ wá rọra sọ fún un pé ọmọ tí kò gbọdọ̀ bi bàbá rẹ̀ ní "kí ló dé", kò ní lè bi ẹni tó bá fẹ́ ta ìdáhùn ìdánwò fún un lọ́la.

Mi ò ní tàn yín: ipò rẹ̀ máa wálẹ̀ ní táàmù yìí. Ó lè bọ́ sí ìkejìlá. Ẹ ti sọ fún bàbá rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì lọ bá tíṣà rẹ̀ pé ẹ ti jáwọ́, kó máa máàkì àṣìṣe ọmọ bó ṣe wà. Tí tíṣà bá ní kíkà gan-an ló ṣòro fún un, ìyẹn yàtọ̀, ẹ wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́ o. Ẹ kàn wá iṣẹ́ mìíràn fọ́wọ́ yín.

Ìwé òfìfo yẹn, lálẹ́ òní, ẹ tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀wà tí ẹ máa ṣà sórí itan. Ẹ bi í ní Yorùbá pé, "Tí wọ́n bá fi ẹ́ ṣe ọ̀gá ilé ìwé yín lọ́la, kí lo máa kọ́kọ́ yí padà?" Tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ ní, "Mo ń gbọ́," kí ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín lọ. Ó lè ní òun máa fagi lé owó ìtanràn. Ó lè ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun yòówù kó sọ, ẹ ní kó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìlà mẹ́ta ló rí kọ, ìlà mẹ́ta náà ni kó mú lọ fún tíṣà ní ọjọ́ Ẹtì.