Ṣé wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù Law School fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe JAMB?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 19, ó ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, Law ló ń fẹ́, wọn ò fún un. Ọmọ náà lẹ́nu gan-an, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn nílé kó borí, ìdí nìyẹn tá a fi ní iṣẹ́ lọ́yà ló tọ́ sí i. Bọ̀dá kan ní Ṣàngó wá sọ pé òun lè bá wa gba fọ́ọ̀mù Law School tààrà, pé dìpúlómà ọdún méjì péré lọmọ máa kà, ó di lọ́yà nìyẹn, ó ní Awólọ́wọ̀ gan-an ọdún méjì ló fi kà á. ₦650,000 ló ní ká mú wá kí oṣù tó parí. Ṣé ká san án, sà? Ìyá kan ní Ọ̀jọ́ọ̀, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ má san án, mà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ torí mo mọ̀ pé oṣù ti ń parí lọ. Ẹ má san ₦650,000, ẹ má san ìdajì ẹ̀, ẹ má fún un lówó ìforúkọsílẹ̀ kankan. Tẹ́ ẹ bá ti fún un ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ná, màá débẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹrin tó máa bi mí nírú ìbéèrè yìí láàárín oṣù mẹ́ta. Inú ń bí mi, kì í ṣe sí yín o, sí àwọn tó ń jẹun lórí ọmọ ọlọ́mọ ni. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ṣáájú yín, ilẹ̀ tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló tà kó tó wá bá mi, owó ti lọ pátápátá.

Law School kì í ṣe ibi tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ń lọ, mà. L'Ámẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń ka òfin ní yunifásítì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bóyá inú fíìmù làwọn èèyàn ti ń gbọ́ ọ tó fi wá dàrú mọ́ wọn lójú. Tiwa níbí, yunifásítì lèèyàn ti máa kọ́kọ́ ka òfin, ọdún márùn-ún fún ẹni tó gba JAMB wọlé, mẹ́rin fún ẹni tó gba Direct Entry, ìyẹn ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí mìíràn lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì, digírì tó máa gbà níbẹ̀ ló ń jẹ́ LL.B. Ẹni tó bá ti gba LL.B ló ń lọ Law School. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni, ti ìjọba àpapọ̀ ni, olú ilé ẹ̀ wà ní Bwari l'Ábújá, ó ní ẹ̀ka l'Ékòó, Enugu, Kano, Yola, Yenagoa àti Port Harcourt, kò sí kankan n'Íbàdàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ẹni tí yunifásítì ẹ̀ bá fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí Council of Legal Education, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ òfin ní Nàìjíríà, pé ó ti kàwé yege, òun ló lè gba fọ́ọ̀mù yẹn. Ta ló fẹ́ bá yín fi orúkọ ọmọ yín ránṣẹ́? Kí ló fẹ́ kọ síwájú ẹ̀, èsì WAEC?

Ẹ jẹ́ n kan ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ yẹn, torí n'Íbàdàn wa yìí, ẹni tó bá ti dárúkọ Baba, a máa ń gbà á gbọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Òótọ́ ni, 1944 ni Awólọ́wọ̀ lọ sí London, 1946 ló di lọ́yà lọ́hùn-ún, ó padà wálé, Ìbàdàn níbí ló ti ṣiṣẹ́. Ohun tí bọ̀dá Ṣàngó ò sọ fún yín ni pé Baba ti tó ẹni ọdún 35 nígbà tó ń lọ, ó ti jókòó sílé gba digírì B.Com ti Yunifásítì London kó tó lọ. Kò tiẹ̀ sí Law School ní Nàìjíríà nígbà náà, ìlú Òyìnbó ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe lọ́yà ń lọ, òfin àwọn Òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ bọ̀. Ó di 1959 kí ìjọba tó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, ìgbìmọ̀ Unsworth, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún nìkan, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún tiwa lè ṣàjèjì sí i, ìmọ̀ràn tí wọ́n mú wá ló bí òfin 1962 tó dá Council àti Law School sílẹ̀. Ọ̀nà tí Baba gbà, wọ́n ti dí i láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ń fi ọ̀nà 1946 júwe ilé fún yín lónìí, inú igbó ló ń mú yín lọ.

Kẹ́ ẹ sì lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí tó, ẹ gbọ́ èyí. Lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, ilé iṣẹ́ lọ́yà kan tí ẹni tó ni í jẹ́ SAN, ìyẹn àgbà lọ́yà tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá, fi orúkọ ilé iṣẹ́ buwọ́ lùwé ẹjọ́, èyí tó máa ń ní "& Co." nídìí yẹn, dípò orúkọ lọ́yà kan pàtó. Supreme Court ní orúkọ yẹn ò sí nínú ìwé tí àwọn ń kọ orúkọ àwọn lọ́yà sí, àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n da àwọn ìwé ọ̀hún nù. Títí dòní, kọ́ọ̀tù ṣì ń fi ẹjọ́ yẹn gba ìwé sọ nù lọ́wọ́ lọ́yà tó bá ṣàṣìṣe. Tí wọ́n bá ṣe ìyẹn fún ọ́fíìsì SAN, kí ni wọ́n máa ṣe fún ọmọ tó mú dìpúlómà wá? Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀ tó bá ń pe ara ẹ̀ ní lọ́yà, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ Legal Practitioners Act, òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà, ọmọ yín sì ni wọ́n máa bi léèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe bọ̀dá yẹn.

Mi ò ní dìpúlómà ò dáa o. Àwọn akọ̀wé kọ́ọ̀tù ń kà á, ọlọ́pàá ń kà á, ó ń wúlò fún wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yunifásítì kan ń gbà á fún Direct Entry, àwọn kan ò fẹ́ rí i sójú, torí náà yunifásítì tẹ́ ẹ ní lọ́kàn gan-an ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó ń ta dìpúlómà. Tó bá gba Direct Entry wọlé náà, ọdún mẹ́rin ṣì ń dúró dè é kó tó rí LL.B.

Ọ̀rọ̀ pé ó lẹ́nu, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Mo lè dé kọ́ọ̀tù láàárọ̀ kí n dìde sọ gbólóhùn mẹ́ta péré, kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, mo wọkọ̀ padà sí ọ́fíìsì. Ìwé tí mo fi òru mẹ́ta kọ ni adájọ́ máa gbé lọ sílé lọ kà. Ẹ bi í bóyá ó lè jókòó ti ìwé wákàtí mẹ́rin láìfọwọ́ kan fóònù, ìyẹn ló máa sọ fún yín bóyá iṣẹ́ yìí tọ́ sí i.

Kí ni kó wá ṣe? Kó tún JAMB ṣe, ọmọ ọdún 19 ò tíì pẹ́. Kó wo èsì WAEC ẹ̀ dáadáa, English àti Literature gbọ́dọ̀ jẹ́ kírẹ́díìtì, kó sì bi yunifásítì tó fẹ́ bóyá wọ́n ń béèrè Maths. JUPEB àti IJMB náà wà, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kà lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdìrì láti fi gba Direct Entry. Kẹ́ ẹ tó mú yunifásítì, pàápàá àwọn tuntun tí owó wọn pọ̀, ẹ bi wọ́n ní ohun méjì: ṣé Council of Legal Education ti fọwọ́ sí fákọ́tì òfin yín (NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, nìkan ò tó), àti pé èèyàn mélòó ni Council ní kẹ́ ẹ máa gbà lọ́dún? Iye yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí àwọn ilé ìwé kan ti gbà ju iye tí wọ́n fún wọn lọ rí, àwọn ọmọ kàwé tán, wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń retí àyè ní Law School. Ẹ má sì sanwó fún Law alápá kan, ti ìrọ̀lẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀, láìkọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Council fúnra wọn.

Tó bá wá dé Law School, nǹkan bí ọdún kan ni, ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n máa fi dán an wò. Ohun kan tí wọn kì í tètè sọ fún àwọn ọmọ ni pé èyí tó kéré jù nínú márààrún ni wọ́n máa kọ sí i lórí. Kó gba A mẹ́rin, kó wá gba Pass nínú ẹyọ kan, Pass náà ló gbà yẹn. Mo rí ọmọ tó mọ̀wé jù nínú kíláàsì wa tó ń sunkún bí ẹni ṣọ̀fọ̀ torí ìyẹn.

Owó ńkọ́? Kì í tètè wọlé, mà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, ₦15,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, ẹ̀wù dúdú tí lọ́yà ń wọ̀ àti owó ọkọ̀ ló ń gba gbogbo ẹ̀ tán. Màmá mi ló ń fún mi ní gàrí. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ ṣáá o, ọjọ́ tí mo gba ilé padà fún opó kan, iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kó yé ara wa: mi ò mọ bọ̀dá yìí rí, mi ò gbọ́ tẹnu ẹ̀, mi ò sì pè é lólè, ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ ni mo ń dáhùn. Ó lè jẹ́ wọ́n tan òun náà jẹ ni. Tẹ́ ẹ bá ti fún un lówó, ẹ má lọ bá a jà ní Ṣàngó. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ WhatsApp yín, ẹ má pa ọ̀kankan rẹ́, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ bá lọ́yà tó máa rí ìwé yín lójúkojú kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ohun tí mo kọ síbí ò lè rọ́pò ìyẹn.

Ní ti ọmọ, ẹ ní kó múra dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan, kó lọ jókòó ní kọ́ọ̀tù mágísírétì ní Ìyágànkú kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Gbangba ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́, kì í gbowó, ẹnì kankan ò ní lé e tó bá pa fóònù tó sì dákẹ́. Kó mú ìwé àti bírò dání. Kó jókòó dìgbà tí wọ́n bá dìde, kó tó sọ fún yín bóyá Law yìí ṣì ń wù ú.