Sípíkà ẹ̀yìn tó ń dákẹ́ kò tíì kú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Rìsífà oní-5.1 ni mo ní, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń pín in fún sípíkà márùn-ún àti wúfà kan (sípíkà ìró ìsàlẹ̀), wáyà HDMI ni mo fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Móòdù inú rẹ̀ pọ̀ lọ súà: Stereo, Direct, Dolby Surround, Neural:X, Hall, Stadium, All Channel Stereo. All Channel Stereo nìkan ni mo ti ń gbọ́ sípíkà méjèèjì tó wà lẹ́yìn ketekete. Tí mo bá ti yí i sí òmíràn, àfi kí n lọ gbé etí lé wọn. Ẹni tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní wọ́n ti ń kú lọ, pé kí n pààrọ̀ wọn, kí n sì sanwó kí òun bá mi ṣí Atmos, ètò ohùn Dolby tó ń mú ohùn ti òkè wá, nínú rìsífà náà. Móòdù wo gan-an ló dára jù?

Ìdáhùn: Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan, ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni kó ṣí Atmos. Rìsífà tí wọn kò bá fi Atmos sí láti ilé-iṣẹ́ kò ní in, kò sì sí alátùn-únṣe tó lè fi sí i. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà bá fẹ́ fi kún un, inú firmware tuntun (ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà) ni yóò gbà wá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì fi íntánẹ́ẹ̀tì fà á wọlé. Yàtọ̀ sí èyí, sípíkà òkè ni Atmos ń wá. Nọ́ńbà kẹta tí ẹ máa ń rí nínú 5.1.2 ni iye sípíkà tó ń fọhùn láti òkè. 5.1 ni tiyín, kò sí nọ́ńbà kẹta níbẹ̀, ó bùṣe.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ sípíkà ẹ̀yìn yìí, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Ta ló sọ pé sípíkà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa dún tó ti iwájú? Àwọn tó ń to ohùn fíìmù máa ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sínú sípíkà àárín. Wọ́n á pín orin àti ọ̀pọ̀ ìró sí ọ̀tún àti òsì iwájú, wọ́n á wá fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ohun tó yí ènìyàn ká: òjò tó ń rọ̀, ariwo èrò, ohùn tó ta padà lára ògiri, ọkọ̀ òfurufú tó gba orí kọjá. Bí ènìyàn méjì bá jókòó nínú yàrá tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, sípíkà ẹ̀yìn lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó má sọ nǹkan kan rárá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí ìbọn bá wá ṣàdédé dún lẹ́yìn yín, ẹ ó fò dìde, torí pé ibẹ̀ ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.

All Channel Stereo kò mọ gbogbo èyí. Ọ̀nà méjì péré ló mọ̀, òsì àti ọ̀tún. Yóò da ohùn òsì sínú gbogbo sípíkà apá òsì, ti ọ̀tún sínú gbogbo ti ọ̀tún, yóò sì pa méjèèjì pọ̀ fún àárín. Bí ohun tó ń wọlé bá jẹ́ 5.1 tòótọ́, tí wọ́n ti fara balẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́fà, yóò kọ́kọ́ pa á pọ̀ di méjì kó tó tún fọ́n ọn káàkiri. Ọkọ̀ òfurufú tó yẹ kó ti ẹ̀yìn bọ̀ yóò máa ti ibi gbogbo bọ̀. Òṣèré tí ẹ ń wò lójú tẹlifíṣọ̀n yóò máa bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ariwo wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ ra sípíkà márùn-ún ti bá ibẹ̀ lọ. Ibi tí èrò ti ń rìn káàkiri, tí kò sẹ́ni tó jókòó sójú kan, ni móòdù yìí wúlò fún. Ó tún máa ń mú rìsífà gbóná, torí ẹ̀ka márààrún tó ń fún sípíkà lágbára ló ń ṣiṣẹ́ àṣekára lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní kí ẹ pààrọ̀ sípíkà nítorí pé móòdù tó kù kì í pariwo ń fi orí bíbẹ́ ṣe oògùn orí fífọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kú lóòótọ́, ohun tí ẹ ó fi dán an wò wà nínú rìsífà yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wọ Setup, ẹ lọ sí Levels, ẹ tan test tone. Ìró kan tó dà bí òjò lórí páànù yóò máa ti ọ̀dọ̀ sípíkà kan bọ́ sí òmíràn. Ibi tí ẹ máa ń jókòó wòran ni kí ẹ jókòó sí, ẹ má lọ dúró ti sípíkà. Bí ti ẹ̀yìn bá dún tó ti iwájú, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Bí ó bá rẹlẹ̀, ẹ gbé dB (ìwọ̀n ariwo) tirẹ̀ sókè níbẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi dọ́gba. 75 dB ni wọ́n sábà máa ń lò fún un. Áàpù ìwọ̀n ariwo orí fóònù tó fún iṣẹ́ yìí, torí pé kí wọ́n dọ́gba là ń wá.

Bí ọ̀kan kò bá dún rárá, ẹ pa rìsífà, ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ wá fi wáyà òsì ẹ̀yìn sí ojú ti ọ̀tún, ti ọ̀tún sí ojú ti òsì. Ẹ tún test tone tàn. Bí ìdákẹ́ náà bá bá wáyà lọ, sípíkà tàbí wáyà ló ní àrùn. Bí ó bá dúró sí ojú kan náà lẹ́yìn rìsífà, rìsífà ni. Láti mọ èwo nínú sípíkà àti wáyà, ẹ tú wáyà kúrò lẹ́yìn rìsífà pátápátá, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí àti ìdí báàtìrì 1.5V fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì ká a kúrò kíá. Bí sípíkà bá ta “pọ́”, òun àti wáyà rẹ̀ wà láàyè. Bí kò bá ta, ẹ lọ ṣe bákan náà ní ìdí sípíkà gan-an: bó bá ta níbẹ̀, wáyà ló já. Báàtìrì 9V kọ́ o, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí rẹ̀. Wúfà tó ń jẹ iná fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìdánwò yìí. Ẹ má sì ṣí ìdérí rìsífà, torí iná ṣì máa ń wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná. Ẹni tó bá ṣí i, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀.

Wàyí o, dípò “móòdù wo ló dára jù”, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni pé kí ló ń wọ inú rìsífà. Ẹ tẹ Info tàbí Status lórí rìmóòtù nígbà tí fíìmù ń lọ lọ́wọ́. Bí ó bá kọ PCM 2.0 (PCM ni ohùn tí wọn kò fún pọ̀), ohùn méjì péré ló ń wọlé, móòdù kankan kò sì lè rí ohùn ẹ̀yìn tòótọ́ yọ nínú rẹ̀. Orúkọ Dolby nìkan kò tó o, Dolby Digital 2.0 wà. Nọ́ńbà ni kí ẹ wò.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ 5.1 nù ni inú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ lọ sí ètò ohùn rẹ̀, ẹ wá Digital Audio Output. Bí wọ́n bá ti gbé e sí PCM, ẹ yí i sí Auto, Bitstream tàbí Pass Through, èyíkéyìí tí tiyín bá ní. Kí ẹ rí i pé ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí lára, èyí tó ń dá ohùn tẹlifíṣọ̀n padà sí rìsífà, ni wáyà wà, ní tẹlifíṣọ̀n àti ní rìsífà, torí ihò tó kù kì í dá ohùn padà. ARC lásán lè gbé Dolby Digital àti Dolby Digital Plus, ṣùgbọ́n kò lè gbé Dolby TrueHD inú Blu-ray. eARC, tó bá HDMI 2.1 dé ní 2017, lè gbé e. Wáyà optical kò kọjá PCM ọ̀nà méjì, Dolby Digital àti DTS, tó jẹ́ irú ohùn 5.1 mìíràn tí kì í ṣe ti Dolby. Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wà tí kì í jẹ́ kí DTS kọjá rárá, nítorí náà bí ẹ bá ní ẹ̀rọ Blu-ray, ẹ so ó mọ́ rìsífà tààrà. Ẹ tún wo inú áàpù tí ẹ fi ń wòran, torí ẹ̀dà ohùn tí wọ́n túmọ̀ sí èdè mìíràn lè jẹ́ 2.0 nígbà tí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ 5.1.

Nígbà tí 5.1 bá ti ń wọlé, iṣẹ́ móòdù kò pọ̀ mọ́. Ẹ fi í sí Auto, kí rìsífà pín in bí wọ́n ṣe tò ó. Dolby Surround àti Neural:X wúlò nígbà tó bá jẹ́ ohùn méjì ló wọlé, bí ìròyìn tàbí fíìmù àtijọ́. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fi òye mú èyí tó jọ ohùn ẹnu lọ sí àárín, èyí tó jọ ti àyíká lọ sẹ́yìn. Dolby Pro Logic II ni rìsífà àtijọ́ fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Hall àti Stadium kàn ń fi gbohùngbohùn kún ohùn ni, n kò sì rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù lóore. Fún orin, Stereo. Direct náà dára fún orin, ṣùgbọ́n ó máa ń fo àtúnṣe yàrá tí rìsífà ṣe, ó sì lè pa wúfà lẹ́nu mọ́, kí ẹ má wá kọ̀wé sí mi pé wúfà náà ti kú.

Ibi tí ẹ gbé sípíkà ẹ̀yìn sí náà lè fa kí ẹ máà gbọ́ wọn. Ẹ yọ wọ́n ní kọ̀rọ̀ ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ni ààyè wọn, kí wọ́n sún sẹ́yìn etí díẹ̀, bí igun 110 dígírì sí ojú tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n sì ga ju etí lọ díẹ̀. Ẹ wo wáyà wọn bí pupa ṣe wà lójú pupa tí dúdú wà lójú dúdú ní ìkángun méjèèjì, torí bí ọ̀kan bá yí padà, ìró ìsàlẹ̀ á tinrin, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ohùn ti ń wá. Bí wọ́n bá kéré, ẹ fi wọ́n sí Small, kí crossover, ààlà tí ìró ìsàlẹ̀ ti ń bọ́ sọ́wọ́ wúfà, wà ní 80 Hz, kí wúfà gba ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé wọn kúrò, ẹ tún wọn Distance (bí sípíkà ṣe jìnnà sí ìjókòó yín tó), kí ẹ sì tún test tone ṣe, torí ìwọ̀n tẹ́lẹ̀ kò bá ibi tuntun mu mọ́.