Àgùàlà, òṣùpá àti agbo ìràwọ̀

Àbúrò wa kan ní Ìkẹ́rẹ́ ló béèrè ìtumọ̀ òwe yìí: "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Ó tún ní, ṣé Yorùbá ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ń pè ní gálásì (galaxy), ìyẹn ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ tó kóra jọ lójú ọ̀run?

Òwe náà kò le. Ẹni tó ń bá ọlọ́lá rìn, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti wo ojú ọ̀run dáadáa. Àgùàlà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Venus kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Ayé kan ni bíi tiwa, oòrùn ló ń yí po. Òṣùpá jìnnà sí wa ní nǹkan bíi 384,000 kìlómítà. Àgùàlà ńkọ́? Ìgbà tó bá súnmọ́ wa jù, ó ṣì ju mílíọ̀nù 38 lọ. Ojú wa ló kó wọn pọ̀.

Ó wá ku gálásì. Àwọn kan ń pè é ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ìṣùpọ̀ lóríṣiríṣi ló wà nínú gálásì kan ṣoṣo. Agbo ìràwọ̀ ni èmi fara mọ́, bí agbo ijó, nítorí ó ń yí po. Oòrùn wa wà nínú ọ̀kan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 230 ọdún ló fi ń yí àárín rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Bí iná bá lọ ní Èfọ̀n-Aláayè lóṣù Kẹwàá, tí òṣùpá kò sì sí, ẹ gbójú sókè: ẹ ó rí ìlà funfun kan bí ìgbà tí èlùbọ́ dà sórí aṣọ dúdú. Agbo tiwa nìyẹn, inú rẹ̀ la ti ń wò ó.

Ìràwọ̀ inú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 100 sí 400. Eruku wà níbẹ̀, àti afẹ́fẹ́ háídírójìn àti hílíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bí ìràwọ̀ tuntun. Láàárín gan-an, ihò dúdú kan (ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀) jókòó, ó wúwo tó mílíọ̀nù 4 oòrùn. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo agbo kò hàn sójú. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, Vera Rubin, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, wọn eré àwọn ìràwọ̀ tó wà létí àwọn agbo mìíràn bíi tiwa, ó rí i pé wọ́n ń sáré tó àwọn ti inú. Bí kò bá sí ohun kan tí a kò rí tó dì wọ́n mú, wọn ì bá ti fọ́n ká.

Agbo kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Bí Èkìtì mẹ́rìndínlógún ló rí, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba tirẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Andromeda: àwọn onímọ̀ ti ṣe bí ìkùukùu inú agbo tiwa ni, àfi ìgbà tí Edwin Hubble, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, wọn bó ṣe jìnnà tó ní 1923 sí 1924. Agbo mìíràn ni! Àṣìṣe àgùàlà gan-an nìyẹn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ láàárín oṣù Kọkànlá, ẹ kọjú sí àríwá, ẹ wòkè dáadáa níbi tó ṣókùnkùn. Ẹ ó rí Andromeda, bí àbàwọ́n funfun kékeré ló rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ó rí yẹn ti gbéra láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 ọdún sẹ́yìn. Ẹ tètè wò ó kí ọyẹ́ tó dé. Bí eruku ọyẹ́ bá ti bo ojú ọ̀run, àgùàlà pàápàá á ṣókùnkùn.