Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wo ni kò ní máa mu omi nílé wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà là ń gbé nílé wa l'Óṣogbo níbí, kànga la sì gbójú lé. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi ẹ̀ á lọ sílẹ̀ pátápátá, àwọn ọmọ á wá máa ru kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wa ti sán, a fẹ́ ra òmíì, púlọ́ńbà wá ní èyí tó bá wọ́n jù ni ká rà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo fẹ́ èyí tí kò ní máa mu omi, tí mi ò sì ní máa pe púlọ́ńbà lóṣooṣù. — Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá omi o. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wọ́n lè jẹ́ pé ẹwà ẹ̀ lẹ̀ ń sanwó fún. Lítà mélòó ló ń fi fúlọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ọlọ́jà. Àwọn ti àtijọ́ ń lo lítà 9, òmíì tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbọ́tìnnì méjì ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ń lo lítà 3 fún ìtọ̀, lítà 6 fún ìgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa lọ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ti àtijọ́ yẹn á gbé lítà 270 mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́kànlá! Oníbọ́tìnnì méjì ńkọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ tẹ ńlá nínú márùn-ún, lítà 108 ni, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin àtààbọ̀ ò kún. Ẹ wo ẹrù tó máa kúrò lórí àwọn ọmọ yẹn, sókàwéè yín náà á sì pẹ́ kó tó kún.

Ẹ wá wo ọ̀fun ẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n ń pè ní washdown, ọ̀fun ẹ̀ fẹ̀, omi kàn máa ti ìdọ̀tí lọ tààrà ni, tí omi ò bá sí nínú tánkì, ẹ da omi korobá sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti lọ nìyẹn. Siphonic ní tiẹ̀, ọ̀fun ẹ̀ há, ó tún lọ́, omi gbọ́dọ̀ kún un kó tó lè fà á lọ, òun ló sì máa ń dí jù. Fún ilé tí omi ò dájú, washdown ni tèmi.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ wọn bí ihò tí ìdọ̀tí ń gbà lọ ṣe jìnnà sí ògiri, kí èyí tẹ́ ẹ máa rà lè bá a mu. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n ṣí ọmọrí tánkì fún yín, ẹ bèèrè pé ṣé rọ́bà àti bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ wà lọ́jà, torí tàǹgánran kì í tètè bàjẹ́, nǹkan inú tánkì ló ń bàjẹ́.

Ojú mi rí nǹkan lórí rọ́bà yẹn. Alaalẹ́ ni mò ń pọ́ǹpù omi, tílẹ̀ bá fi máa mọ́, tánkì òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo wo páìpù títí, kò sí ibi tó ń jò. Ìgbà tó yá ni mo da sóbò pupa díẹ̀ sínú tánkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fúlọ́ọ̀ṣì. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣàn wá sínú àwo, rọ́bà ìdí tánkì ti le gan-an, kò dé ojú ihò mọ́. Mo pààrọ̀ ẹ̀, ó parí.

Ẹ̀yin náà, tí púlọ́ńbà bá ti so tuntun yẹn tán, ẹ da sóbò sí i lójú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un ní owó tó kù.