Fáúṣà tí mo fi kó bá ọmọ ọlọ́mọ

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ béèrè bóyá ìrẹ́jẹ ni kéèyàn kó fáúṣà mẹ́ta, ìyẹn ìwé tó ń dín owó ọjà kù, jọ fi ra ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ ní ọ̀kan nínú ẹ̀ jẹ́ tìyàwó yín, ẹ jẹ́ kí n dá sí i o, torí èmi gan-an ti fọwọ́ ara mi fa wàhálà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ẹjọ́ ò sí nínú iye fáúṣà téèyàn kó dání. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ti kọ ọ́ pé ẹ lè lò wọ́n pọ̀, ẹ lò wọ́n pọ̀, ẹ má mikàn. Fáúṣà míì wà tó jẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣe ọjà ló gbé e jáde, àwọn ló sì máa dá owó ẹ̀ padà fún ṣọ́ọ̀bù, ìdí nìyẹn táwọn ṣọ́ọ̀bù kan fi máa ń gbà kẹ́ ẹ lò ó mọ́ tiwọn. Ẹ̀dínwó 20% àti 10% tẹ́ ẹ lò pọ̀ gan-an, 28% ló sábà máa ń já sí, torí orí owó tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ti ń yọ ìkejì, wọ́n ti ṣírò ẹ̀ kí wọ́n tó fún yín.

Èyí tó ń dùn mí ni èyí tí wọ́n kọ "ẹyọ kan fún oníbàárà kan" sí lára. Mo ní mẹ́rin irú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo wá pín ọjà mi sí ọ̀nà mẹ́rin, mo ní kí káṣíà ṣe rìsíìtì ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọdébìnrin ni. Nígbà tó dórí ìkẹrin, ó yí fáúṣà yẹn síwájú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra ní "Mà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbí o," mo ní ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà máa gbà á. Kọ̀ǹpútà sì gbà á lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo padà lọ, ọmọ yẹn ò wojú mi. Ẹnì kejì ẹ̀ ló sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra lórí ẹ̀rọ ẹ̀, mánéjà ní ọmọ yẹn àti oníbàárà ló jọ gbìmọ̀ ẹ̀, wọ́n kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún un wọ́n sì yọ owó yẹn nínú owó oṣù ẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo wá mánéjà lọ, mo ní èmi ni mo fipá mú un, mo san gbogbo owó tó yẹ kí n ti san, wọ́n dá tiẹ̀ padà fún un, àmọ́ lẹ́tà yẹn ò kúrò nínú fáìlì ẹ̀.

Torí ẹ̀ mi ò kí ń fẹ́ gbọ́ "kọ̀ǹpútà ló gbà á" mọ́. Kọ̀ǹpútà ò ní owó oṣù tí wọ́n máa yọ. Báwọn tó ń ṣí ímeèlì mẹ́fà mẹ́fà láti gba kóòdù ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún oníbàárà tuntun náà nìyẹn, irọ́ ni wọ́n ń pa, kò sórúkọ míì tó ń jẹ́. Ní báyìí gbogbo fáúṣà mi ni mo máa ń tẹ́ sórí káńtà kí wọ́n tó tẹ nǹkan kan, màá ní ẹ wò ó, èwo lẹ lè gbà níbẹ̀?

Tiyín yìí, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan fún ìdílé kan, ẹyọ kan náà lẹ máa lò. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan fún oníbàárà kan, kí ìyàwó yín fẹsẹ̀ ara wọn wá ra tiwọn.