Ẹ má tíì dín owó ọjà yín fún àwọn ará Jàpáánì

Ẹ ní ẹ ti ṣàlàyé ọjà yín fún ilé-iṣẹ́ kan ní Jàpáánì, wọ́n gbọ́, wọ́n ń mi orí, wọ́n dúpẹ́, àtọjọ́ náà ni ẹ ò ti gbúròó wọn. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ dín owó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in rárá. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn tajà, mo sì ti rí òwò tó ti fẹ́ bọ́ sí i tí ìwàǹwára bà jẹ́.

Ìpàdé tí ẹ ṣe yẹn kọ́ ni wọ́n ti ń fẹnu kò. Ẹni tó gbàlejò yín á kọ́kọ́ lọ bá gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbọ́ ohun tó ń kọ wọ́n lóminú. Nemawashi ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà ni ìwé àbá á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí oníkálukú á tẹ èdìdì tirẹ̀ sí i, láti ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Láti 2020 ni ìjọba wọn ti ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín èdìdì kù, ọ̀pọ̀ sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ ọ̀nà náà ṣì gùn. Bí ẹ bá yí iye owó padà báyìí, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe kàyéfì nípa iye tí ẹ kọ́kọ́ pè.

Ẹ ran ẹni tó gbàlejò yín yẹn lọ́wọ́ ni. Ẹ bi í pé kí ni àwọn yòókù ṣì fẹ́ mọ̀, kí ẹ kọ èsì ránṣẹ́ kíákíá: ọjọ́ tí ọjà máa dé, ẹni tó máa gbà á sọ́rùn bí ọjà bá bàjẹ́. Tó bá mí kanlẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ kíkọ̀, ẹ má fipá mú un sọ ọ́ jáde.



Bí wọ́n bá wá ń béèrè nǹkan kéékèèké, bí ìwọ̀n páálí tàbí ohun tí a kọ sára rẹ̀, ẹ má bínú. Ó sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí ìwé náà ti dé ọwọ́ rẹ̀.