Ilé-Ifẹ̀ ni a wà. Ṣé ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin adìẹ lè pa ẹyin awọ́nríwọ́n? Ìwọ̀n ooru wo ni ká lò?

Ó lè pa á, ṣùgbọ́n ẹ má fi sí 37.5°C tí ẹyin adìẹ ń fẹ́. Ooru yẹn á pa ọmọ inú ẹyin awọ́nríwọ́n. 29 sí 30°C ni kí ẹ lò. Bó bá wálẹ̀ sí 28, ọmọ á kàn pẹ́ kó tó jáde ni. Bó bá kọjá 32 tó sì dúró síbẹ̀, ewu ńlá ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù fún ẹni tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí yàrá abẹ́ páànù lè gbóná ju inú ẹ̀rọ gan-an lọ. Ẹ̀rọ yìí kò lè mú nǹkan tutù, torí náà yàrá tó tutù jù nínú ilé ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ̀gbẹ́ ẹyin gan-an ni kí tẹmọ́mítà wà. Inú ògán ni awọ́nríwọ́n etí odò sábà máa ń yé sí. Ikán á dí ojú ihò náà padà, ooru ibẹ̀ kì í sì í ṣe ségesège; bẹ́ẹ̀ náà ni kí ti inú ẹ̀rọ yín rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tó ń yí ẹyin nínú ẹ̀rọ náà. Bí ẹ ṣe bá ẹyin nílẹ̀ ni kó wà, fún ọ̀pọ̀ oṣù.